Ìgbéyàwó Lórí Òkè Yìnyín: Ẹ So Yìgì Nílé Ná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ Ìlọrin ni mí, Pàkátà ni agboolé wa wà. Ọmọ Ọ̀ffà ni àfẹ́sọ́nà mi, Zürich ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù wá pé ká ṣe ìgbéyàwó wa níta gbangba, lórí òkè tí yìnyín bò, ká má tún lọ gba gbọ̀ngàn bíi ti gbogbo ayé. Jungfraujoch ní Switzerland la mú lọ́kàn, oṣù December la sì fẹ́. A fẹ́ kó èèyàn ogójì lọ. Aṣọ òkè ni màá wọ̀. Màmá mi ní ojú ta ni yóò rí ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe lórí yìnyín. Ṣé ó ṣeé ṣe, mà? Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí, mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ yí padà: òkè tí ẹ mú, oṣù tí ẹ mú, àti iye èèyàn tí ẹ fẹ́ kó lọ. Aṣọ òkè yín ò ní wàhálà, ìrànlọ́wọ́ ló ń fẹ́ lábẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ màmá yín bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìyókù ti yọ.

Màmá yín ò sọ pé kí ẹ má lọ. Wọ́n ń bi yín pé níbo gan-an ni ìgbéyàwó ọ̀hún yóò wà, ìbéèrè gidi sì ni. Nílùú wa níbí, yìgì ló so ọkọ pọ̀ mọ́ aya: wàlíyù yín tó fi yín fún ọkọ, sàdáákì, àwọn ẹlẹ́rìí, àlùfáà tó ṣe wáàsí tó sì ṣàdúà. Kó tó dìgbà yẹn, wòlímọ́tù ti wà, tí ìyàwó yóò jókòó ti wàláà, tí yóò ka Kùránì sétí gbogbo ẹbí, tí àwọn ìyá yóò máa sunkún tí wọn yóò sì tún máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ò lè kó ìyẹn gun òkè yìnyín. Bí ẹ bá tilẹ̀ kó o débẹ̀, mélòó nínú àwọn bàbá Pàkátà ló máa rí físà gbà láti wá jẹ́rìí sí i? Ẹ so yìgì nílé. Ẹ ṣe wòlímọ́tù, kí àwọn oníwákà kọrin, kí ará Ọ̀ffà wá, kí gbogbo ẹbí jẹun yó. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì àti ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ gun òkè lọ ṣe ìdùnnú tiyín. Ohun tí ẹ ń wá lórí òkè ni ẹwà àti ìrìn àjò. Ìgbéyàwó ti parí kí ẹ tó dé pápákọ̀ òfuurufú.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá sì ń sọ pé ta ló ń ṣe ìgbéyàwó ní gbangba ìta, ẹ rán an létí Ṣáò, níhìn-ín lẹ́bàá wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Mórò, níbi tí wọ́n ti ń fa ọ̀pọ̀ ìyàwó fún ọkọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nígbà ọdún Awọn, tí gbogbo ìlú á tú síta wò wọ́n.

Òfin Switzerland fúnra rẹ̀ fara mọ́ ohun tí mo wí. Lọ́dọ̀ wọn, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìgbéyàwó ló ń so ọkọ pọ̀ mọ́ aya, nínú yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Wọn ò sì gbà kí ẹ ṣe ayẹyẹ ẹ̀sìn lọ́hùn-ún kí ti ìjọba tó wáyé. Bí ẹ bá ní dandan, àfi níbẹ̀, ìwé ọjọ́ ìbí yín àti gbogbo ìwé mìíràn láti Nàìjíríà ni wọ́n máa yẹ̀ wò fínnífínní, ìyẹn sì lè gba oṣù mélòó kan. Bí ẹ bá tún fẹ́ ti kóòtù mọ́ yìgì, ẹ ṣe é nílé. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti fi ìwé ìkéde sílẹ̀, ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó fún yín níwèé àṣẹ, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe ìgbéyàwó náà kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbàgbé oṣù mẹ́ta yìí, tí wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti físà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe da méjì pọ̀. Físà ìbẹ̀wò Schengen, ìyẹn físà kan náà tí Switzerland àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, wà fún ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀: ọjọ́ 90 péré nínú ọjọ́ 180. Owó rẹ̀ jẹ́ yúrò 90 fún àgbà, àwọn tó bá ń bá yín gbà á yóò tún gba tiwọn. Oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn àjò ni ẹ ti lè fi ìwé sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ku dín ní ọjọ́ 15 kí ẹ tó ṣe é. Ìnṣọ́ránsì ìlera tó tó yúrò 30,000 ó kéré tán jẹ́ dandan. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ayẹyẹ ẹ fẹ́ dúró ti ọkọ yín ní Zürich, físà ọ̀tọ̀ nìyẹn, ìjọba agbègbè tí ọkọ yín ń gbé ló máa fọwọ́ sí i. Ẹ má lọ sọ ní ẹ́ḿbásì pé ìgbafẹ́ ni ẹ̀ ń lọ nígbà tí ẹ ti di ẹrù ilé ọkọ. Ìwé ọ̀hún kì í parẹ́ lójú wọn, wọn yóò sì rántí rẹ̀ nígbà mìíràn tí ẹ bá padà wá.

Ìdí nìyẹn tí èèyàn ogójì kò fi dùn mọ́ mi. Nínú ogójì, wọn ò ní fún àwọn kan ní físà, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó máa jẹ́. Ó lè jẹ́ ẹni tí ẹ fẹ́ kó ya fọ́tò, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín tó ti ra àǹkóò. Ẹ mú mẹ́wàá. Ẹ wá fọtogíráfà lọ́hùn-ún, ẹni tó mọ òkè, tí òtútù ò lè bá lójijì. Kí ọkọ yín sì pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Zürich. Àwọn yẹn ò nílò físà.

Ó wá kan òkè gan-an. Mo mọ ìdí tí Jungfraujoch fi wọ̀ yín lójú: ibùdókọ̀ ojú irin tó ga jù ní Yúróòpù ló wà níbẹ̀, ní mítà 3,454, láti 1912 ni rélùwéè sì ti ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe ara. Ìlọrin kò ju nǹkan bí mítà 300 sókè òkun lọ, Zürich náà ò ga jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ní mítà 3,454, afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí ti dín kù tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ bí ìdá méjì nínú mẹ́ta tiwa níbí. Láti nǹkan bí mítà 2,500 lọ sókè ni àìsàn orí òkè ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀fọ́rí, èébì, òòyì, kí ẹsẹ̀ máa wúwo. Ẹni tó sùn ní Zürich, tó jí wọ rélùwéè, tó sì débẹ̀ kí oòrùn tó kàtàrí, ara rẹ̀ ò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù December àti January, ó sì máa ń tó ìwọ̀n 10 sí 15 nísàlẹ̀ òdo lókè yẹn, tí kò yàtọ̀ sí kí èèyàn jókòó sínú fírísà àwọn ẹlẹ́ja.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni ohun tí àwọn òyìnbó tó ń ṣètò irú ayẹyẹ yìí kì í bi oníbàárà wọn, torí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn: jẹ́nótáípù. Ẹni tó bá jẹ́ SS kò gbọdọ̀ gun irú gíga bẹ́ẹ̀. Òtútù nìkan tó láti dá ìrora eegun sílẹ̀ fún un, ká má tíì sọ ti afẹ́fẹ́ tó kéré. Àwọn AS náà, tí wọ́n tó ẹnìkan nínú mẹ́rin láàárín wa, lọ́pọ̀ ìgbà ló máa ń dára fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti rí àwọn kan tí ọlọ inú wọn bàjẹ́ lórí òkè gíga, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń ṣe wàhálà. Ẹ̀yin méjèèjì á ti ṣe àyẹ̀wò yín torí ìgbéyàwó. Ẹ bi àwọn tó ń bá yín lọ náà, kí ẹ tó gba físà fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó jẹ́ AS, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, aláboyún, kí wọ́n lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn yunifásítì wa tàbí ibi tó bá rọrùn fún wọn, kí wọ́n sọ fún un ní pàtó bí òkè tí wọ́n ń lọ ṣe ga tó.

Òkè tí mo fẹ́ fún yín ni Rigi. Kò jìnnà sí Zürich. Mítà 1,798 ni orí rẹ̀, ìyẹn wà nísàlẹ̀ ibi tí àìsàn orí òkè ti ń bẹ̀rẹ̀. Rélùwéè tó ń gùn ún láti Vitznau ni rélùwéè orí òkè àkọ́kọ́ ní Yúróòpù, láti 1871. Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà òtútù, ó sì ń gbé èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí òkè, débi pé ẹni tí orúnkún ń dùn lè bá yín lọ. Òtẹ́ẹ̀lì wà lórí níbẹ̀. Nígbà òtútù, kùrukùru máa ń bo gbogbo ìlú tó wà nísàlẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, nígbà tí oòrùn ń ràn lórí òkè. Ẹ ó dúró nínú yìnyín funfun, ẹ ó máa wo ìkùukùu lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tí orí àwọn òkè ńláńlá bíi Jungfrau fúnra rẹ̀ yọ lókèèrè. Kí ló tún kù?

Bí ó bá jẹ́ pé àfi Matterhorn, òkè onígun ṣóńṣó tí wọ́n ń yà sórí ìwé, ẹ lọ sùn ní Zermatt, tó wà ní nǹkan bí mítà 1,600, níbi tí ọkọ̀ tó ń lo epo bẹntiróòlù kì í wọ̀. Ẹ lo òru méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ wọ rélùwéè Gornergrat, ìṣẹ́jú 33 ló ń gbà dé mítà 3,089, ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú Matterhorn lẹ́yìn yín, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun nísàlẹ̀. Ẹ má sùn lókè.

Oṣù December ò dáa fún yín. Ọ̀nà kìíní, yìnyín ò tíì dájú ní gíga Rigi lásìkò yẹn, ẹ lè débẹ̀ kí ẹ bá koríko. Ọ̀nà kejì, ọ̀sán kúrú: oòrùn ń yọ lẹ́yìn aago mẹ́jọ, ó ń wọ̀ kí aago márùn-ún tó lù. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kírun, Àílà, Àlàásárì àti Màgàríbì máa tẹ̀lé ara wọn láàárín bíi wákàtí mẹ́rin àbọ̀, àsìkò ọ̀hún náà sì ni ẹ fẹ́ fi ya fọ́tò. Kí ẹ bi àlùfáà yín léèrè kí ẹ tó lọ nípa kíkírun ìrìn àjò àti fífọwọ́ pa ìbọ̀sẹ̀ aláwọ nígbà àlùwàlá, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ bọ́ bàtà síta níbẹ̀. Oṣù February ló dáa jù fún yìnyín, àmọ́ ààwẹ̀ ti sún débẹ̀: ti 2027 yóò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 8 February, ti 2028 ní nǹkan bí 28 January. Nítorí náà, àárín oṣù January ni kí ẹ mú. Ẹ má mú ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ gba òru mẹ́ta ní òtẹ́ẹ̀lì orí òkè, kí ẹ máa wo ojú ọjọ́, kí ẹ fi èyí tó bá mọ́ jù ṣe ọjọ́ yín. Kí ẹ bá òtẹ́ẹ̀lì sọ ọ́ nínú ìwé àdéhùn pé bí ìjì bá dé, yàrá kan wà nínú ilé fún yín láìsan owó míì. Ẹni tí kò ṣe èyí ni mo máa ń rí tó ń gbàdúrà kí ìjì rọlẹ̀ nígbà tí alásè ti ń bèèrè owó.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ aṣọ, níbi tí iṣẹ́ mi ti dùn mọ́ mi jù. Òwú ni wọ́n sábà fi ń hun aṣọ òkè tí ẹ̀ ń rà lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ Ìlọrin wọ̀nyí. Ó nípọn, ó sì ń dí afẹ́fẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òwú máa ń fa omi, bó bá sì ti tutù, ó di ọ̀tá ara. Irun àgùntàn kò rí bẹ́ẹ̀, ó máa ń mú ara gbóná bó tilẹ̀ rin. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé: àwọ̀tẹ́lẹ̀ onírun àgùntàn tó fẹ́lẹ́ tó sì lẹ̀ mọ́ ara, apá gígùn àti ṣòkòtò gígùn, suwẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lé e, kí bùbá àti ìró tó wá bọ́ sórí. Ẹ gbé àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti suwẹ́tà náà lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ẹ wọ̀ wọ́n kó tó wọ̀n yín. Bó bá wọ̀n yín bí ẹ ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú oòrùn Ìlọrin, bùbá yẹn ò ní wọ apá yín lórí òkè.

Kí ìró má fọwọ́ kan ilẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kó mọ sí ọrùn ẹsẹ̀. Etí aṣọ tó bá ń wọ́ yìnyín yóò kọ́kọ́ rin, kò ní pẹ́ kó dì gbagidi, yóò sì máa na yín lójúgun ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀. Bàtà gogoro, ẹ fi sílẹ̀ ní yàrá. Bàtà ìrìn òkè tó kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kó fi díẹ̀ tóbi jù yín lọ nítorí ìbọ̀sẹ̀ onírun, kí ẹ sì ra èyí tí wọ́n fi ń de irin ṣóńṣóṣóńṣó mọ́ abẹ́ bàtà, torí ojú ọ̀nà máa ń yọ̀. Ìró ọ̀hún á bo bàtà dé ìwọ̀n tí kò fi ní hàn jù nínú fọ́tò. Gèlè, ẹ wé e sórí fìlà onírun tó fẹ́lẹ́ tó bo etí, kí ẹ sì fi pín-ìnnì dè é dáadáa. Ní ti ọkọ yín, bùbá, ṣòkòtò àti fìlà ti tó. Agbádá ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé e bò ó lójú ni.

Làálì yín, ẹ lé e nílé kí ẹ tó lọ. Ìbọ̀wọ́ ni yóò bò ó mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà àyàfi ìṣẹ́jú tí fọtogíráfà bá ní ó yá. Ẹ bọ́ ọ, ẹ yà á, ẹ wọ̀ ọ́ padà. Ẹ̀gbà irin àti góòlù tó kan ara máa ń fa òtútù sí ọwọ́, ìlẹ̀kẹ̀ sàn jù. Òrí ni kí ẹ fi pa ètè àti ojú kí ó má bàa là, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ìpara tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má rò pé awọ dúdú ò nílò rẹ̀: yìnyín tuntun lè dá ìtànṣán oòrùn tó tó ìdá 80 nínú 100 padà sí yín lójú. Ó lè sun ojú débi pé èèyàn ò ní lè là á lálẹ́. Nítorí náà, kí gbogbo èèyàn wọ awò dúdú.

Kámẹ́rà náà ní tirẹ̀. Òtútù máa ń tètè jẹ bátìrì, kí wọ́n fi èyí tí wọn ò tíì lò pamọ́ sí àpò inú, mọ́ ara. Fóònù yín lè kú nígbà tó ṣì ku ìdajì. Funfun yìnyín sì máa ń tan kámẹ́rà jẹ, yóò mú kí ojú wa ṣókùnkùn. Ẹ ní kí fọtogíráfà fi fọ́tò àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti yà lórí yìnyín hàn yín. Bí kò bá ní, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹnìkan á sọ fún yín pé kí ẹ má lu gángan lókè yẹn, pé ariwo rẹ̀ á ya yìnyín lulẹ̀. Ìtàn lásán ni. Ohùn kì í ya yìnyín. Ìwúwo ni, pàápàá ti àwọn èèyàn tó kúrò lójú ọ̀nà lọ tẹ ibi tó dagun. SLF, ilé iṣẹ́ ìwádìí yìnyín tó wà ní Davos ní Switzerland, ń kéde ewu kí yìnyín ya lulẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà òtútù, láti ìpele 1 dé 5. Ẹ máa wò ó, ẹ má sì kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí nítorí fọ́tò kankan. Nọ́ńbà bàálù agbanilà wọn, Rega, ni 1414. Wàhálà tí gángan máa ní ni pé awọ rẹ̀ á dẹ̀ bí yìnyín bá rin ín, bó ṣe ń ṣe lọ́jọ́ òjò níbí. Kí onílù fi sábẹ́ kóòtù títí àkókò yóò fi tó. Ní ti nínáwó fún ìyàwó, afẹ́fẹ́ orí òkè á kó owó yín lọ bá àwọn tí ẹ ò pè, nílé pàápàá òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ò sì gbà á.

Oúnjẹ, kí ọkọ yín bá òtẹ́ẹ̀lì sọ ọ́ ní kíkún pé ẹran hàlálì ni. Wọn yóò fẹ́ gbé fondue fún yín, wàràkàṣì yíyọ́ tí wọ́n ń fi búrẹ́dì bọ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin tẹ́ ẹ fẹ́ràn wàrà, á wù yín, ṣùgbọ́n wáìnì funfun ni wọ́n fi ń sè é. Ẹ ní kí wọ́n ṣe tiyín láìfi wáìnì sí i.

Bí físà bá kọ̀ pátápátá, ẹ má jẹ́ kí inú yín bàjẹ́ jù. Òkè Obudu ní Cross River ga tó nǹkan bí mítà 1,600, kò ní yìnyín, àmọ́ ẹ ó wọ suwẹ́tà. Omi Owu tó ń já láti orí àpáta ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn níhìn-ín, náà tó lọ fún ẹni tó fẹ́ ìgbéyàwó tó ní ìrìn nínú.

Àlùfáà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kí ẹ mú ọjọ́ yìgì tó máa fi oṣù kan ó kéré tán ṣáájú ìrìn àjò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yẹ páàsípọ́ọ̀tù ẹni mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wò: kó má tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, kó ní ojú ìwé méjì tó ṣófo, kó sì ṣì ku oṣù mẹ́ta lórí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò lọ́hùn-ún. Kí orúkọ màmá yín wà nínú mẹ́wàá yẹn, bí dókítà bá ti gbà fún wọn.